Àtàǹpàkò Mẹ́ta Lára Ìkòkò Òdòdó

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ ìtọ́jú ilé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, nítorí náà ẹ lè máa retí pé kí n wá sọ fún yín lónìí bí a ti ń ṣe nǹkan kan kí ó fi dára. N ó sọ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tèmi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí ẹni tí ó ti fi ẹsẹ̀ kọ ni ó lè fi ibi tí òkúta wà han ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ìkòkò òdòdó kan ni, ìkòkò amọ̀ kékeré tí a lè gbé ka orí àtẹ́lẹwọ́. Ọmọ mi obìnrin ni ó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ní ìlú Dublin, ní ilẹ̀ Áyálándì, nígbà ọdún Patrick Mímọ́. Kí ó tó lè ṣe é, èmi ìyá rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 2017 ni mo kúrò nílé lọ sí Dublin láti lọ fi ọdún kan kún ẹ̀kọ́ mi. Àníkẹ́, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, bá mi lọ. Iṣẹ́ kò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ lè tẹ̀ lé wa. Kò sí ẹni tí ó mọ Àníkẹ́ nílé tí kò mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Láti òwúrọ̀ ni yóò ti máa ké bí ẹyẹ ẹ̀gà, títí oorun yóò fi gbé e lọ ní alẹ́. A gba iyàrá méjì ní òkè ilé kan. Ìyá àgbà kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti tú ká, ni ó ń gbé ìsàlẹ̀ wa. Àníkẹ́ ni ó sọ wọ́n ní Màmá Ìsàlẹ̀, nígbà tí mo sì túmọ̀ orúkọ náà fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn gbà á.

Ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò ni àwa mọ̀ nílé. Ní ti ọ̀hún, òtútù ni a bá, òkùnkùn sì ti máa ń kùn kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Mo rò pé òtútù náà ni ó pa ọmọ mi lẹ́nu mọ́. Nígbà tí ó lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún ní ilé-ẹ̀kọ́ tuntun, olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Ó ní Àníkẹ́ ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ó ń bá àwọn ọmọ yòókù sáré, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ó ti dé, òun kò tíì gbọ́ kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà bà mí lójijì. Kì í ṣe pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. A ti ń kọ́ ọ láti kékeré. Ní alálaalẹ́ ni bàbá rẹ̀ ń pè wá lórí tẹlifóònù, ìbéèrè kan náà ni yóò sì kọ́kọ́ bi mí: “Ǹjẹ́ ó sọ̀rọ̀ lónìí?” Èmi náà yóò ní, “Ó di ọ̀la.”

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe sí i. Bí Àníkẹ́ bá ti sọ gbólóhùn kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé, n ó dá a dúró, n ó tún un sọ bí ó ti yẹ, n ó sì ní kí ó sọ ọ́ tẹ̀ lé mi. Mo ní bí ọ̀rọ̀ bá ti yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu nílé, yóò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu níta. Olùkọ́ ni mí. Ìtọ́sọ́nà ni mo pe ohun tí mò ń ṣe.

Báyìí ni a wà tí oṣù kẹta fi wọlé. Ọjọ́ 17 oṣù náà ni àwọn ará Áyálándì ń ṣe ọdún Patrick Mímọ́, láti ọdún 1903 sì ni òfin ti sọ ọ́ di ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo ènìyàn níbẹ̀. Orúkọ náà kò ṣàjèjì sí wa nílé, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa ni ó kàwé lọ́dọ̀ àwọn fadá àti sístà tí wọ́n ti Áyálándì wá, àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ní Nàìjíríà sì ka Patrick mọ́ àwọn ẹni mímọ́ alábòójútó orílẹ̀-èdè wa. Ṣùgbọ́n Màmá Ìsàlẹ̀ ni ó sọ ohun tí n kò mọ̀ fún mi, pé Patrick kì í ṣe ọmọ Áyálándì rárá. Ilẹ̀ Bìrìtìkó ni wọ́n bí i sí. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tí àwọn akónilẹ́rú gbé e, tí wọ́n sì tà á sí Áyálándì, níbi tí ó ti da ẹran fún ọdún mẹ́fà kí ó tó rí ọ̀nà sá lọ. Lẹ́yìn náà ni ó padà wá wàásù fún àwọn tí wọ́n mú un lẹ́rú. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìtàn náà sílẹ̀, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún àti ààbọ̀ sẹ́yìn. Mo wo Àníkẹ́ tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ iná wọn, tí kò sọ̀rọ̀, mo sì ní nínú ara mi pé àlejò ni ẹni tí wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀ yìí náà jẹ́ nígbà kan rí.

Bí ọdún náà bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọ̀ ewé ni ẹ ó máa rí káàkiri, lára aṣọ, lára fìlà àti lójú fèrèsé ìsọ̀. Ewé kan tí wọ́n ń pè ní shamrock ni àmì rẹ̀. Ewé kékeré ni, abala mẹ́ta ni ó pín sí lórí ọ̀pá kan, abala kọ̀ọ̀kan sì rí bí ọkàn tí àwọn ọmọdé máa ń yà. Wọ́n ní òun ni Patrick fi ṣàlàyé Mẹ́talọ́kan fún àwọn ènìyàn ìgbà náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ni a tó rí ìtàn náà nínú ìwé. Ewé wo gan-an ni a lè pè ní shamrock? Ní ọdún 1893, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Nathaniel Colgan bẹ àwọn ènìyàn káàkiri Áyálándì pé kí wọ́n fi èyí tí wọ́n mọ̀ ránṣẹ́ sí òun, ó sì gbìn wọ́n títí wọ́n fi yọ òdòdó. Charles Nelson tún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ṣe ní ọdún 1988. Nígbà méjèèjì, oríṣi ewéko bíi mélòó kan ni àwọn ènìyàn fi ránṣẹ́. Èyí tí ó ní òdòdó kékeré aláwọ̀ òféèfèé ìyeyè ni ó pọ̀ jù, èyí tí ó ní òdòdó funfun sì tẹ̀ lé e. Oríṣi wọn lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n abala mẹ́ta ni gbogbo wọn ní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀yí sọ́kàn. Ká ní èmi mọ̀ ọ́n lákòókò, ojú ìbá má tì mí.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ọdún, ìwé kan ti ilé-ẹ̀kọ́ wá. Wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìkòkò òdòdó kékeré kan wá ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 16, èyí tí a fi ọwọ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ nílé. Olùkọ́ yóò gbin ewé náà sínú rẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò sì sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìkòkò tirẹ̀. Nígbà tí mo ka ibi tí wọ́n ti ní kí ọmọ sọ̀rọ̀, àyà mi já. Mo ní bí ọmọ mi kò bá ní lè sọ̀rọ̀, kí ìkòkò rẹ̀ kúkú dára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi ní béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Mo ra ìkòkò amọ̀ pupa kan, mo ra ọ̀dà tí a ń fi omi pò, búrọ́ọ̀ṣì ńlá àti kékeré, àti fáníìṣì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo fọ ìkòkò náà, mo nù ún, mo sì fi ọ̀dà funfun kùn ún lójú ẹsẹ̀. Bí mo ti yíjú sẹ́yìn láti wo ìkòkò ọbẹ̀ tí ó wà lórí iná, Àníkẹ́ ti ti àtàǹpàkò bọ inú ọ̀dà àwọ̀ ewé, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré, ẹ̀kẹta sì wọ́ bí ìgbà tí ìgbín bá kọjá.

Mo kígbe pé, “Àníkẹ́! Má bà á jẹ́!” Mo fi aṣọ tútù nu ohun tí ó ṣe kúrò, mo wẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, mo sì ní kí ó lọ sùn. Kò sunkún. Ó kàn wo aṣọ tí mo fi nu ìkòkò náà, ó sì lọ.

Mo jókòó ti iṣẹ́ náà títí agogo méjìlá òru fi kọjá. Mo fi pẹ́ńsùlù ya ewé sí i yíká, mo kùn wọ́n ní àwọ̀ ewé, mo sì fi wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ tọ́ etí wọn. Àwòrán tí mo rí lára káàdì ìkíni kan ni mo wò tí mo fi yà wọ́n. Mo kùn ún ní fáníìṣì, mo sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí ń mú ilé móoru kí ó lè tètè gbẹ. Kí n má purọ́ fún yín, inú mi dùn sí i. Mo tilẹ̀ rò ó pé n ó ya fọ́tò rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àníkẹ́ dúró níwájú ìkòkò náà, ó ń fi ìka kà, ètè rẹ̀ sì ń mì. Ó ní, “Mọ́mì, mẹ́ta ni.” Mo ní kí ó tètè wọ bàtà. Ó tún ní, “Mọ́mì, mẹ́ta ni o, kì í ṣe mẹ́rin.” Mo ní, “Àníkẹ́, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́.”

Mo gbé ìkòkò náà dání kí Màmá Ìsàlẹ̀ lè bá mi rí i bí a ti ń jáde. Wọ́n yìn ín, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, lẹ́yìn náà ni wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé ewé tí mo yà kì í ṣe shamrock. Ewé alábala mẹ́rin ni, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n, tí àwọn ènìyàn máa ń wá kiri pé ó ń mú oríire wá. Ó dára láyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Patrick. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni mo rí i pé ọ̀dà ìdí ìkòkò náà ti wú bí ara tí omi gbígbóná jó. Mo fi èékánná kàn án, ó ṣí, ó sì bọ́ sílẹ̀ ní pẹlẹbẹ.

Èmi tí mò ń kọ́ni! Mo mọ̀ dájú pé amọ̀ a máa fa omi mu. Ìkòkò tí a bá fọ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ dé inú kí ọ̀dà tó kàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi tí ó há sínú rẹ̀ yóò wá ọ̀nà jáde bí ooru bá ti kàn án, yóò sì ti ọ̀dà kúrò lára. Ìkánjú àti ìgbéraga kò jẹ́ kí n ṣe ohun tí mo mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọdún mẹ́fà sì ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé mẹ́ta ni. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọwọ́ mi tóbi, mo sì fi dí ẹnu kèrègbè náà pa.

Màmá Ìsàlẹ̀ wọlé, wọ́n sì gbé ìkòkò àtijọ́ kan jáde, èyí tí ó ti wà nílẹ̀ ní ilé ìdáná wọn láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tí ó sì ti gbẹ táútáú. Wọn kò gbé e fún mi. Àníkẹ́ ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé náà ni a bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n to ìgbésẹ̀ rẹ̀ fún yín bí a ti ṣe é, nítorí ẹ̀yin náà lè ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ yín fún ọdún yòówù tí ẹ bá ń ṣe nílé yín.

Ẹ wá ìkòkò amọ̀ tí ó ní ihò nídìí. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ méjì ó kéré tán. Ẹ fi sáńpépà ha ara rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kí ẹ sì nu ìyẹ̀fun rẹ̀ kúrò. Ẹ fi fáníìṣì kun inú rẹ̀, nítorí inú ni omi tí a ń bu sí òdòdó ti ń gba ara amọ̀ jáde wá ba ọ̀dà jẹ́. Ìyá ni kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí, kí ó sì ṣí fèrèsé sílẹ̀. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ kun ìta rẹ̀ ní ọ̀dà funfun lẹ́ẹ̀mejì, kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kí ẹ tó kun èkejì. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, ẹ da ọ̀dà àwọ̀ ewé díẹ̀ sínú àwo pẹrẹsẹ, kí ọmọ ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́. Kí ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé kí ọ̀dà tí ó pọ̀ jù lè kúrò, lẹ́yìn náà kí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹta, kí ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi orí kanra. Búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò fi fa ọ̀pá ewé náà sísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó sun ibẹ̀ mọ́jú, kí ẹ tó fi fáníìṣì bo ìta lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá fẹ́ gbin nǹkan sí i, ẹ fi àpáàdì kékeré kan dábùú ihò ìdí rẹ̀ kí iyẹ̀pẹ̀ má baà máa dà jáde, kí ẹ sì gbé e ka àwo.

Iṣẹ́ ọwọ́ rọrùn láti tò sílẹ̀ báyìí. Ohun tí ó nira fún mi ni láti jókòó kí n má fọwọ́ kàn án. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí Àníkẹ́ tẹ ewé rẹ̀ àkọ́kọ́, ó wọ́. Ọwọ́ mi ti nà mọ́ aṣọ tútù kí n tó mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti rántí ìyá àgbà mi.

Amọ̀kòkò ni ìyá tí ó bí ìyá mi, ní agbègbè Dàda ní ìlú Ìlọrin, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò láti ayébáyé. Ìgbà kan tí mo lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn, n ó tó ọmọ ọdún méje, mo tọrọ amọ̀ díẹ̀, mo sì mọ ìkòkò kékeré kan. Ó wọ́ sápá kan, ẹnu rẹ̀ sì la bí ẹnu ẹja. Mo gbé e fún wọn pé kí wọ́n bá mi tún un ṣe. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, “Bí mo bá tún un ṣe, ìkòkò tèmi ni yóò dà. Èyí tí o mọ yìí, tìẹ ni.” Wọ́n tò ó mọ́ tiwọn nínú ebu, wọ́n sì sun ún pọ̀. Nígbà tí wọ́n fi igi gbé wọn jáde nínú iná, tí ara wọn ṣì ń pọ́n yòò, wọ́n wọ́n omi èèpo èso igi irú sí gbogbo wọn lára gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, ó ń hó ṣìì, ó sì ń mú ara wọn dúdú kí ó máa dán. Ìkòkò wíwọ́ mi dán bí ti àgbà. Ó pẹ́ tí wọ́n fi ń bu omi fún adìyẹ nínú rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá wọ agboolé náà ni wọ́n ń sọ fún pé ọmọ àwọn ni ó mọ ọ́n.

Mo gbé aṣọ tútù náà jìnnà sí mi, mo sì jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì. Mo jókòó lé e ní ti gidi.

Àníkẹ́ tẹ ewé kejì, ó tẹ ẹ̀kẹta. Nígbà tí ó rí i pé n kò sọ nǹkan kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí i sọ̀rọ̀. Ó sọ orúkọ ọmọ tí wọ́n jọ ń jókòó. Ó sọ pé wọ́n ń kọ́ àwọn ní èdè Áyálándì, èdè tí òfin ìlú wọn ní ọdún 1937 fi ṣe èdè àkọ́kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń sọ lójoojúmọ́. Ó ní nínú ẹ̀kọ́ yẹn, àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ náà máa ń ṣì í sọ, olùkọ́ kì í sì í bínú. Mo wá fi ọgbọ́n bi í pé kí ló dé tí òun kì í fi í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì.

Kò gbójú sókè. Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ìkòkò, ó ní, “Mọ́mì, tí mo bá sọ ọ́ tí kò dára ńkọ́? Tí mo bá ń sọ ọ́ nílé, ẹ máa ń gbà á lẹ́nu mi.”

Ẹ̀yin ìyá, n kò lè sọ fún yín bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ̀ mí lára tó. Òun kò sọ ọ́ bí ẹni ń fi ẹ̀sùn kan ni. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ń rọ̀. Oṣù méjì gbáko ni mo ti ń wá ohun tí ó di ọmọ mi lẹ́nu káàkiri Dublin: mo wá a lọ sọ́dọ̀ òtútù, mo wá a lọ sọ́dọ̀ olùkọ́, mo wá a lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Inú ilé mi ni ó wà. Aṣọ tútù tí mo fi nu ìkòkò rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, òun náà ni mo ti ń fi nu ẹnu rẹ̀ láti oṣù kìíní.

Mo ní, “Àníkẹ́, n kò ní gbà á lẹ́nu rẹ mọ́.” Ó ní, “Ẹ ṣé, Mọ́mì.” Ó sì ní kí n bá òun sún àwo ọ̀dà mọ́ òun.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí bàbá rẹ̀ pè, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi bò. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Èmi náà ń ṣe é. Ṣebí èmi ni mo ń bi í lójoojúmọ́ pé kí ni ó gbà nínú ìdánwò, n kì í bi í pé kí ni ó kọ́.” Báyìí ni àwa méjèèjì ṣe pín ẹ̀bi náà, ó sì fúyẹ́ díẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n jẹ́ kí àwa òbí dúró sẹ́yìn kíláàsì. Màmá Ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé wa lọ. Ìkòkò mẹ́rìnlélógún ni ó wà lórí tábìlì. Àwọn kan lẹ́wà débi tí mo fi mọ̀ pé ìyá wọn náà kò sùn. Nígbà tí ó kan Àníkẹ́, ó gbé tirẹ̀ dìde, ó sì dúró. Gbogbo ilé parọ́rọ́. Ó wo ìkòkò, ó wo olùkọ́. Ìṣẹ́jú náà gùn lójú mi bí ọdún. Mo ti la ẹnu láti bá a sọ ọ́, mo ti fẹ́ ní, “Ọmọ mi ni, ó fẹ́ sọ pé…”, nígbà tí Màmá Ìsàlẹ̀ fi ọwọ́ kàn mí ní apá. Mo pa ẹnu mi dé.

Àníkẹ́ gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé ewé àkọ́kọ́, ó sì fi ohùn kékeré kà á ní èdè tí gbogbo wọn jọ ń kọ́: “A haon.” Ó gbé e lé èkejì: “A dó.” Ó gbé e lé ẹ̀kẹta tí ó wọ́: “A trí.” Ó jókòó. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún un gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún àwọn yòókù, olùkọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì pe ẹni tí ó kàn. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ bí kò ṣe àwa mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ní ọjọ́ kejì tí í ṣe ọjọ́ ọdún, a lọ wo ìwọ́de ní òpópónà O’Connell nínú òtútù. Àníkẹ́ wọ fìlà àwọ̀ ewé tí Màmá Ìsàlẹ̀ hun fún un, ó sì ń ka gbogbo shamrock tí ó bá rí láti mọ̀ bóyá ó pé mẹ́ta.

N kò ní tàn yín pé láti ọjọ́ náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí i ké bí ẹ̀gà ní ilé-ẹ̀kọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ó dé. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó tó ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ sinmi ní oṣù kẹfà kí olùkọ́ tó sọ fún mi, tẹ̀rín-tẹ̀rín, pé òun ti ń bẹ̀ ẹ́ báyìí pé kí ó dákẹ́. Èmi náà, díẹ̀díẹ̀ ni mo fi kọ́ láti gbọ́ gbólóhùn wíwọ́ kí n sì dá ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lóhùn. Bí mo bá fẹ́ tún un ṣe, mo ń lo ọ̀rọ̀ tí ó tọ́ náà nínú ìdáhùn tèmi, n kì í dá a dúró. Ìyẹn náà kọ́ ọ. Ó tilẹ̀ kọ́ ọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ má ṣi mí gbọ́ o. N kò sọ pé kí a má tọ́ ọmọ sọ́nà. Bí ọwọ́ ọmọ bá fẹ́ kan iná, ẹ gbà á. Bí ó bá fẹ́ purọ́, ẹ bá a wí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti ọmọ, bí ó jẹ́ àwòrán, bí ó jẹ́ ẹ̀wà ṣíṣà, bí ó jẹ́ ìtàn tí ó ń sọ, ẹ jẹ́ kí ó parí rẹ̀ kí ẹ tó na ọwọ́. Ojú lè máa tì wá níwájú ẹlòmíràn nítorí iṣẹ́ wíwọ́ ọmọ wa. Ẹ jẹ́ kí a fara da ìtìjú náà, nítorí ọmọ tí a bá ń gba iṣẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ní ìgbà gbogbo yóò gbà pé ọwọ́ òun kò dára.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ nílé, a fi ewé náà sílẹ̀ fún Màmá Ìsàlẹ̀, nítorí a kì í kàn gbé ewéko gba ibodè kọjá láìgba ìwé àṣẹ. Ìkòkò nìkan ni a dì sínú aṣọ wá sílé. Efinrin ni mo gbìn sínú rẹ̀ nísinsìnyí, ojú fèrèsé ilé ìdáná mi ni ó wà. Oòrùn ilé wa ti pa ọ̀dà rẹ̀ díẹ̀, ewé ẹ̀kẹta sì wọ́ síbẹ̀. Àníkẹ́ ti dàgbà, ìka rẹ̀ ti ju àmì náà lọ, ó sì máa ń ní kí n jẹ́ kí òun fi ọ̀dà tuntun kùn ún. Mo ní tirẹ̀ ni, kí ó ṣe é bí ó ti wù ú, ṣùgbọ́n èmi kò ní fọwọ́ kàn án.